Bí Ọ̀yà Ṣe Yẹ Ààlà Tí Kò Fi Nílé Mọ́

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ọ̀yà onílẹ̀, ó bà lé Òkété tó wá gbalẹ̀ dáko.

Ọ̀yà ní ilẹ̀. Ilẹ̀ baba rẹ̀ ni, ó dúdú, ó lọ́ràá. Ihò ńlá kan wà láàárín rẹ̀ tí Ọ̀yà ń sùn. Bẹ́ẹ̀ ni o, Ọ̀yà nílé nígbà náà. Òkété kò ní nǹkan kan. Ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó wá dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ẹ fún mi níbi tí n ó ti dáko."

"Gba apá òkè," ni Ọ̀yà wí. "Gbin iṣu, gbin àgbàdo. Má gbin igi, nítorí ẹni tó gbin obì ti fẹ́ jogún ilẹ̀. Bí o bá kórè, gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá."

Òkété ṣán igbó. Ó kọ ebè ńlá. Ó da eérú sídìí wọn, ó ń kọrin:

Ilẹ̀ yìí, gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀,
Jàǹjàlá!
Mà á tún ọ ṣe, kí o tún mi ṣe,
Jàǹjàlá!

Iṣu ta bí itan géńdé. Òkété fi tọwọ́tọwọ́ gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá. Ó yẹ kí inú Ọ̀yà dùn, àmọ́ inú rẹ̀ kò dùn. Ó wo iṣu Òkété, ó wo tirẹ̀ tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ nínú èpò, ara ta á. Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ìlara ni, kì í ṣe àìsàn.

"Ilẹ̀ mi ló fi ń ṣe ọlá lójú mi," ló wí fún ìyàwó rẹ̀.

"Baálé mi, ilẹ̀ yín náà ló ń bọ́ wa. Ẹ fi í sílẹ̀."

Ọ̀yà kò gbọ́. Ó lọ bá Òkété. "Kó kúrò níbí, mo fẹ́ lò ó. Lọ sí ẹ̀gbẹ́ àpáta."

Òkété kó. Ó tún kọ ebè, ó tún da eérú, iṣu tún ta. Èpò ló bo ibi tí Ọ̀yà gbà. Ìlara tún ru.

"Kó kúrò níbẹ̀ náà. Lọ sí àkùrọ̀."

Òkété kó. Àmọ́ ní àkùrọ̀, kò da eérú mọ́. Ó kàn ha ilẹ̀, ó ki iṣu sí i. Orin tán lẹ́nu rẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ tó gbé wá kò tó ohun tí èkúté ń jẹ.

"Ṣé ìṣákọ́lẹ̀ nìyí?" ni Ọ̀yà bi í.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ta ni yóò tún ilẹ̀ ṣe tó mọ̀ pé wọn ó lé òun lọ́la?"

Ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ Erin, baálẹ̀ wọn. Erin ri pèrègún mọ́lẹ̀ láàárín oko àwọn méjèèjì. Ó ní, "Ọ̀yà, ilẹ̀ rẹ ni. Máa gba ìṣákọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ lé Òkété mọ́. Ẹni tó bá yẹ pèrègún yìí, ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ọkàn Òkété balẹ̀. Eérú padà sídìí ebè, orin padà sẹ́nu. Ìṣákọ́lẹ̀ kún ilé Ọ̀yà, síbẹ̀ orin yẹn ń dùn ún bí egbò. Lọ́jọ́ ọjà, tí ilé dá, ó gé pèrègún mọ́lẹ̀, ó lọ rì í sáàárín ebè Òkété. Lọ́jọ́ náà, Ọ̀yà jẹun yó.

Òkété sáré pe Erin.

"Ibi tó wà látilẹ̀ nìyẹn," ni Ọ̀yà wí. "Àbí pèrègún lẹ́sẹ̀ ni?"

Erin wò ó. "Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀," ló wí.

Òjò rọ̀. Pèrègún kì í kú bọ̀rọ̀. Gbòǹgbò tí Ọ̀yà gé kù sínú ilẹ̀ rúwé, ó yọrí síta níbi tí Erin rì í sí gan-an.

"Ọ̀yà, ta ló gbin èyí?"

Ọ̀yà sá wọ inú koríko lọ. Ilẹ̀ baba rẹ̀ bọ́, ihò baba rẹ̀ bọ́. Òkété ló kó sínú rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí òkété fi ń gbé inú ihò, tó ń kó oúnjẹ pamọ́ síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbin pèrègún sí ààlà oko. Ọ̀yà ní tirẹ̀, inú koríko ló ń sùn títí dòní, oko olóko ló sì ti ń jẹun.

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí rèé. Bí mo bá parọ́, ẹ lọ bi pèrègún.