Àwọn Tí Kò Wá Mọ́

Ọkùnrin kan wà tí ìjọba fi ṣe dókítà ilé ìwòsàn ìlú kan. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú níbẹ̀, èrò a sì máa wọ́ wá láti àárọ̀. Ó rẹ ọkùnrin náà. Ẹni tó ń sú u jù ni ìyá arúgbó kan tí kì í yé wá. Bí orúnkún bá dùn ún lónìí, ẹ̀yìn ni yóò dùn ún lọ́la. Bí wọ́n bá sì yẹ̀ ẹ́ wò, ara rẹ̀ á le koko.

Dókítà ní, "Nítorí pé wọn kì í sanwó ni." Ó bá fi owó díẹ̀ lé ìwọlé, èyí tó rò pé kò lè ni ẹnikẹ́ni lára. Kò pẹ́, èrò dínkù. Ó wá ń ráyè jẹun ọ̀sán, inú rẹ̀ sì dùn.

Àmọ́ ìyá arúgbó ṣì ń wá. Àwọn ọmọ rẹ̀ rí já jẹ, wọ́n ń fowó ránṣẹ́ sí i. Á san tirẹ̀, á jókòó, á ní, "Dókítà, èjìká ló tún kù o."

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó ń yan gàrí sáré gbé ọmọ rẹ̀ wọlé. Ara ọmọ náà gbóná bí iná, gìrì sì ti mú un.

Dókítà ní, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò tètè wá?"

Obìnrin náà kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Mo ní kí n kọ́kọ́ wò ó bóyá á lọ fúnra rẹ̀. Mi ò fẹ́ fi owó oúnjẹ àwọn ọmọ ṣòfò lórí ohun tí kò tó nǹkan."

Dókítà gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n du ẹ̀mí rẹ̀ títí. Ìyá arúgbó, tó ti jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀, ló di obìnrin náà mú, tó ń nu omijé rẹ̀. Ọlọ́run ṣe é, ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kan kò gbọ́ràn mọ́.

Dókítà mú owó náà kúrò. Ó wá jókòó ti ìyá arúgbó. Ó ní, "Màmá, ta lẹ máa ń bá sọ̀rọ̀ nílé?"

Ó ní, "Ògiri ni, ọmọ mi."

Láti ìgbà náà, ìyá arúgbó náà ni wọ́n fi sí ọ̀dọ̀ àwọn abiyamọ tí ẹ̀rù ń bà, kó máa tù wọ́n nínú.

Ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ti fi ọ́ ṣe alága ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn wa, o sì ní kí a máa gbowó kí èrò lè dínkù. Yóò dínkù lóòótọ́, mi ò bá ọ jiyàn. Àmọ́ kí o tó yọ̀, jọ̀wọ́, dìde, lọ kan ilẹ̀kùn àwọn tí kò wá mọ́, kí o sì bi wọ́n pé, ara ńkọ́?