Ọkọ̀ Tí Ládépò Fi Sílẹ̀ Lójú Ọ̀sà

Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Bí àjèjì bá gbọ́ ọ, yóò rò pé ẹni tó sọ ọ́ ló ṣì í sọ. Bí wọ́n bá ní òpè ni omi ń gbé, kò sẹ́ni tí yóò béèrè ìdí. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀? Òwe kì í ti ojú ọ̀run já bọ́. Ẹnìkan á ti jẹ ìyà rẹ̀ kí àwa tó máa fi í sọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́ ìyà tó bí èyí.

Ìlú òkè ni Ládépò àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ti wá. Ọ̀dá lé wọn kúrò lóko, wọ́n sì wá tẹ̀dó sí abúlé kan tí wọ́n kọ́ sórí òpó lójú ọ̀sà. Kò sí ọ̀nà ẹsẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣẹ́gi, tó fẹ́ pọn omi mímu, tó tilẹ̀ fẹ́ kí aládùúgbò, àfi kó wa ọkọ̀. Ẹni tí kò bá mọ ọkọ̀ wà, ẹlẹ́wọ̀n ni nínú ilé ara rẹ̀.

Opó àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Etídò ló ń kọ́ àwọn àlejò. Àṣà ibẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àjẹ̀ kí ó tó mọ bí ọkọ̀ ṣe ń dà. Ní èbúté, níbi tí omi kò ju àyà lọ, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ dojú ọkọ̀ dé. Akẹ́kọ̀ọ́ á di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, kò sì ní í fi í sílẹ̀ àfi bí Ìyá Etídò bá ní, “Ó tó.”

Ẹ̀rù omi ń ba Àwẹ̀ró débi pé ó máa ń di ojú kí ó tó bọ́ sínú rẹ̀. Ìyá Etídò kò bẹ̀ ẹ́, kò sì bá a wí. Ìbéèrè ló ń bi í.

“Kí ni ọkọ̀, ìyàwó?”

“Igi ni, Ìyá.”

“Bí ó bá kún fún omi, ṣé ó ń rì?”

“Igi kì í rì, Ìyá.”

“Apá rẹ ńkọ́?”

“Ó ti rẹ̀ mí.”

“Apá ń rẹ̀. Igi kì í rẹ̀. Tún un dà.”

Ládépò jókòó sórí èbúté, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ìyá, ọkọ̀ wíwà la wá kọ́, ọkọ̀ dídà lẹ ń kọ́ wa.”

“Bọ́ sílẹ̀ kí ìwọ náà kọ́ ọ.”

“Èmi? Àwọn tí ń rì bí ọlọ ni kí ẹ kọ́ ní ìyẹn. Kí irùngbọ̀n mi tó hù ni mo ti ń la odò ìlú wa kọjá nígbà ìkún omi.”

Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ ló bẹ́ sómi. Ó wẹ̀ yí àwọn òpó ilé ká bí ẹja, àwọn obìnrin tó ń yan ẹja sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyá Etídò nìkan ni kò wo ibẹ̀.

“Odò lo mọ̀,” ni ó wí. “Etí odò sún mọ́ra. Etí ọ̀sà, ojú nìkan ló ń tètè dé ibẹ̀.”

Ládépò gun èbúté padà. Ó yá àjẹ̀ lọ́wọ́ apẹja kan, ó ń wo ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn, kò sì pẹ́ tí òun náà fi ń wa ọkọ̀ já gaara. Bí Àwẹ̀ró bá wọlé pẹ̀lú ọwọ́ tó bó, yóò kí i pé, “Ọ̀gá nídìí ọkọ̀ dídà, ẹ kú iṣẹ́ o.”

“Ẹ máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀, olówó-orí mi,” ni ìyàwó rẹ̀ ń wí. “Mo ti mu ìdajì ọ̀sà tán. Bó bá kù díẹ̀, a ó máa fẹsẹ̀ rìn.”

Ní ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì lọ ṣẹ́gi ní òdìkejì ọ̀sà. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ẹ̀fúùfù dìde lójijì. Ìgbì kan gbá ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìkejì sì dojú rẹ̀ dé. Igi tí wọ́n ṣẹ́ fọ́nká. Nígbà tí Àwẹ̀ró máa fi rí afẹ́fẹ́ mí, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lẹ́yìn ọkọ̀. Kò rántí ìgbà tí ó gbé e síbẹ̀.

Orí Ládépò yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tu omi lẹ́nu, ó ń rẹ́rìn-ín. “Wo èéfín ilé wa lọ́ọ̀ọ́kán. Dúró síbí. Mo fẹ́ wẹ̀ lọ pè wọ́n wá.”

“Ẹ dákun, ẹ di ọkọ̀ mú. Ìyá ní a kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀.”

“Ìwọ ló sọ fún, Àwẹ̀ró. Ìwọ tí o kò mọ̀wẹ̀.”

Ó lọ. Apá rẹ̀ ń ṣẹ́ omi dáadáa. Àwẹ̀ró ń wo orí rẹ̀ títí ìgbì fi bò ó mọ́ ọn lójú. Ó dì mọ́ igi, omi sì ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀ síhà òkun. Kò bẹ̀rù nítorí ọkọ rẹ̀. Ìtìjú ló ń ṣe é. Ó ń ro yẹ̀yẹ́ tí Ládépò yóò fi òun ṣe bí wọ́n bá délé.

Oòrùn ti ń wọ̀ kí ọkọ̀ àwọn apẹja tó yọ. Ìyá Etídò wà ní iwájú rẹ̀.

“Ẹ ṣeun tí ẹ tètè jẹ́ ìpè,” ni Àwẹ̀ró wí. “Ó ti délé, àbí?”

Ìyá Etídò wo ọ̀tún ọkọ̀ tó dojú dé náà, ó wo òsì rẹ̀. “Ta ló délé?”

“Ọkọ mi. Ṣebí òun ló rán yín wá?”

Àwọn apẹja dáwọ́ àjẹ̀ dúró. Kò sẹ́ni tó wo ojú ẹnìkejì rẹ̀.

“Kò sẹ́ni tó rán wa, ìyàwó,” ni Ìyá Etídò wí. “A rí igi yín tó ń léfòó, la fi jáde wá yín.”

“Ó ti wẹ̀ lọ sílé,” ni Àwẹ̀ró wí. Ó tún un sọ. “Ó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ẹ̀yin náà rí i. Ó ti wẹ̀ lọ sílé.”

Wọ́n nawọ́ sí i, kò gba ọwọ́ wọn. Wọ́n fẹ́ já ìka rẹ̀ kúrò lára igi, kò ṣeé já. Ìyá Etídò tẹ̀ síwájú títí ojú rẹ̀ fi kan ojú Àwẹ̀ró.

“Ó tó,” ni ó wí.

Ìka náà tú.

Inú koríko létí ọ̀sà ni wọ́n ti rí Ládépò lọ́jọ́ kejì. Àwọn ará ìlú òkè tó wá kẹ́dùn ti fi ọkàn sí i pé òkú obìnrin ni àwọn wá sin. Àwẹ̀ró ló jáde wá pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Àgbàlagbà kan nínú wọn dúró, kò lè jókòó.

“Ìwọ tí o kò mọ̀wẹ̀ rèé,” ni ó wí. “Ta ni omi wá gbé?”

Ìyá Etídò ló dá a lóhùn láti inú ilé, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè. “Ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ di ọkọ̀ mú. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ.”