Ajíṣafẹ́ Kọ Oríkì fún Irinṣẹ́ Òjò

Ìlara ń jẹ Ajíṣafẹ́ nínú bí ikán ṣe ń jẹ igi àjà. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ìbíyẹmí, obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ Ìbíyẹmí kò sì mọ nǹkan kan.

Ní ìlú Òkè-Ìrókò, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó ní aṣojú kan. Ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ènìyàn. Àgbẹ̀ á pè é lórí fóònù, á béèrè ọ̀rọ̀. Aṣojú á mú èyí tó bá yẹ nínú àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n kó lé e lọ́wọ́, á fi wá ìdáhùn. Ṣùgbọ́n aṣojú yìí kò mọ irinṣẹ́ kan yàtọ̀ sí èkejì àfi nípa àpèjúwe tí wọ́n kọ sí i lára. Ohun tó bá kà níbẹ̀ ló mọ̀.

Ajíṣafẹ́ ló ṣe irinṣẹ́ tó ń sọ ìgbà tí òjò máa rọ̀. Ìbíyẹmí ló ṣe èyí tó ń sọ oògùn àrùn kòkó. Ti Ìbíyẹmí ni aṣojú ń mú láràárọ̀. Ti Ajíṣafẹ́ kàn jókòó síbẹ̀ ni. Àwọn àgbẹ̀ ń fín oògùn lónìí, òjò ń fọ̀ ọ́ dànù lọ́la. Alága ẹgbẹ́ wá ní bí oṣù bá parí tí aṣojú kò tíì lo irinṣẹ́ òjò, Ajíṣafẹ́ á máa lọ sílé.

Ló bá gba ilé Ìyá Ẹfúnyẹmí lọ, àgbà obìnrin tó ń da ẹẹ́rìndínlógún.

"Ìyá, ẹ bá mi wò ó. Kí ni Ìbíyẹmí fi mú aṣojú yẹn? Irinṣẹ́ tèmi dára ju tirẹ̀ lọ!"

Ìyá da owó ẹyọ sílẹ̀, ó wò ó títí. Ó ní, "Ìránṣẹ́ ṣìnà, wọ́n ń bá ẹsẹ̀ rẹ̀ wí, ẹni tó rán an ni kò júwe ilé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Ka ohun tí o kọ sára irinṣẹ́ rẹ fún mi."

Inú Ajíṣafẹ́ dùn. Ó gbé ohùn sókè: "Èmi Atófaratì, ọmọ kùrukùru tí í jí wo ojú ọ̀run! Ọ̀gá tó mọ ìdí omi!"

"Ó dùn létí," ni Ìyá wí. "Ṣùgbọ́n oríkì lo kọ yìí, ọmọ mi. Oríkì a máa mú orí ẹni wú, kì í sọ iṣẹ́ ẹni fún àjèjì. Ẹbọ ni kí o rú: ẹyẹlé méjì, obì mẹ́rin. Kí o fi oríkì yẹn náà rúbọ. Pa á rẹ́, kí o kọ iṣẹ́ tí irinṣẹ́ náà ń ṣe, ìgbà tó yẹ kí wọ́n pè é, àti ohun tí kò lè ṣe. Lẹ́yìn náà, gbé e lọ bá Ìbíyẹmí, kó fi ibi tí kò bá yé e hàn ọ́."

"Èmi? Kí n lọ bá Ìbíyẹmí? Ká má rí i!"

Ó rú ẹyẹlé, ó rú obì. Èyí tó kù ńkọ́? Ó ní láéláé. Ilé ló padà sí, ló bá tún fi kún oríkì rẹ̀: "Mo ju gbogbo irinṣẹ́ lọ. Ohunkóhun tí wọ́n bá bi ọ́ nípa kòkó, èmi ni kí o pè."

Aṣojú sì gbọ́ràn. Ṣebí ohun tó kà ló mọ̀? Kòkó Baba Akínrìnlọlá bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lórí igi, baba pè, ó béèrè oògùn tí òun máa fín.

"Òjò yóò rọ̀ lọ́túnla," ni aṣojú wí.

"Èmi náà rí ṣíṣú òjò! Oògùn wo ni kí n fín?"

"Òjò yóò rọ̀ lọ́túnla."

Hàà! Kí ẹgbẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àrùn ti jẹ ìdajì oko baba. Alága gba irinṣẹ́ òjò lọ́wọ́ Ajíṣafẹ́, ó gbé e fún Ìbíyẹmí. Obìnrin náà kò fọwọ́ kan inú rẹ̀. Àpèjúwe nìkan ló pa rẹ́, ó wá kọ ọ́ báyìí: "Irinṣẹ́ yìí ń sọ bóyá òjò máa rọ̀ sí oko kan láàárín ọjọ́ márùn-ún. Pè é kí àgbẹ̀ tó fín oògùn tàbí kó tó sá kòkó. Kò mọ àrùn, kò mọ oògùn." Láti ọjọ́ náà, òjò kò bá oògùn ẹnikẹ́ni lójijì mọ́.

Ajíṣafẹ́ sáré padà tọ Ìyá lọ. "Irinṣẹ́ mi ni! Ọ̀rọ̀ lásán ló yí padà! Kí ni Ìbíyẹmí fi jù mí lọ?"

"Ẹbọ ni," ni Ìyá wí. "Òun náà wá síbí lọ́dún tó kọjá. Mo ní kó gbé ohun tó kọ lọ bá ọ. Àbí kò wá bá ọ?"

Ajíṣafẹ́ rántí. Ìbíyẹmí wá bá a lọ́dún náà lóòótọ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á." Ajíṣafẹ́ sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo èrò: àrùn wo nìyí, ti ewé ni àbí ti èso? Ta ló máa mọ ohun tí ò ń sọ? Ó rò pé òun ń dójú tì í. Gbogbo rẹ̀ ni Ìbíyẹmí ń kọ sílẹ̀. "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n," ló sọ, ó sì lọ tún un kọ.

Ìbíyẹmí rú ẹbọ tó nira, ẹbọ rẹ̀ dà, ó là. Ajíṣafẹ́ rú èyí tó rọrùn, ó fi ẹbọ gan-an pamọ́ sínú àyà, àbámọ̀ ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Títí di òní, bí òjò bá ti ń ṣú ní Òkè-Ìrókò, ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń sọ létí Ajíṣafẹ́ ni pé, "Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ ká bi irinṣẹ́ Ìbíyẹmí."