Àwọn Ọmọbìnrin Tí Kì Í Wo Ojú Ọ̀gá

Bàbá Fadérera, ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ fún ọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé ní eré sísá. Ọdún méjìlélógún ló fi ṣe é, Ọ̀gá sì ni gbogbo ìlú ń pè é. Jókòó dáadáa. Gbé ìwé tí o mú wá yẹn sórí tábìlì ná. Bóyá n óò fọwọ́ sí i, bóyá n kò ní fọwọ́ sí i, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

Ọkùnrin yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Kí ó tó dé, ìlú náà kò gba ife ẹ̀yẹ kankan rí. Nígbà tí yóò fi kú, ife mọ́kànlá ló wà nínú gíláàsì ní ọ́fíìsì olórí ilé-ìwé. Bí àwọn ọmọ bá lọ sáré ní ìlú mìíràn tí wọ́n sì borí, gbogbo ìlú ló ń jáde lọ pàdé wọn lójú títì. Òun ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Wọ́n á gbé e lé èjìká, àwọn ọmọ á sì máa gbé àpò wọn tẹ̀ lé e bọ̀ lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ife kọ́ ni ìlú fi ń yìn ín jù. Ẹ̀kọ́ ni. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ń pariwo lábẹ́ igi, tí wọ́n bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n á kúnlẹ̀ láti òkèèrè, wọ́n á dorí kodò. Kò sí èyí tí yóò wo ojú rẹ̀. Àwọn ìyá á máa sọ fún ara wọn pé ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ òun gbẹ̀kọ́, kí ó mú un lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá. Olórí ilé-ìwé náà kì í ṣe ayẹyẹ ìparí ọdún kí ó má sọ ọ́ lórí pèpéle pé ẹ wo àwọn ọmọ yìí, ẹ wo ìtẹríba. Gbogbo ènìyàn á pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹni tó bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló dé tó jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo yìí ni wọ́n ti ń tẹrí ba tó bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ tó ń fi olùkọ́ ìṣirò ṣe yẹ̀yẹ́ láràárọ̀.

Ó kú. Wọ́n sin ín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Wọ́n wá ní àwọn yóò fi orúkọ rẹ̀ pe pápá ìṣeré. Wọ́n ri òpó méjì mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kọ orúkọ sí pátákó, wọ́n sì gbé aṣọ fún aránṣọ kan pé kí ó bá àwọn rán èyí tí wọn yóò fi bo pátákó náà títí di ọjọ́ tí wọn yóò ṣí i. Aránṣọ yìí wà lára àwọn tó sáré fún Ọ̀gá nígbà èwe wọn. Wọ́n rò pé inú rẹ̀ á dùn.

Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé aṣọ náà padà bí wọ́n ṣe gbé e fún un. Kò tilẹ̀ tú u. Wọ́n ní ṣé kò ráyè ni. Ó ní òun ráyè dáadáa, pé òun kò ní rán nǹkan kan fún ọkùnrin yẹn ni. Wọn kò jẹ́ kó sinmi, ó bá sọ ọ́. Ó ní bí àwọn bá sáré tán, Ọ̀gá máa ń fọn fèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, fèrè kúkurú. Bí ó bá ti fọn ún bẹ́ẹ̀, ẹnì kan nínú àwọn ni yóò dúró sẹ́yìn, òun àti Ọ̀gá, nínú yàrá tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù sí, ohun tí àgbàlagbà kì í bá ọmọ ṣe ni ó sì ń bá wọn ṣe níbẹ̀. Ó ní bí àwọn bá ti gbọ́ fèrè náà, àwọn máa ń di ara àwọn lọ́wọ́ mú, kí ó má baà rí ẹyọ kan fà yọ. Ó máa ń rí i fà yọ.

Ìlú dàrú. Wọ́n ní ẹni tó ti kú kò lè sọ tẹnu rẹ̀. Wọ́n ní kí ló dé tí kò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí wá, ta ló rán an níṣẹ́. Àwọn kan ní ṣé ẹni tó gba ife mọ́kànlá fún ìlú ni ẹnì kan ṣoṣo yóò fi ẹnu bà jẹ́. Inú máa ń bí mi bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó gba ife! Ọkùnrin yẹn kò sáré kan níwájú wa rí. Orí àga ló ń jókòó sí. Àwọn ọmọ yẹn ló sáré, ẹsẹ̀ wọn ló bó lórí pápá, àwọn àgbà wá gbé ohun tí ọmọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbà, wọ́n ń fi í gbèjà ẹni tó ṣe é níbi.

Wọ́n pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ilé-ìwé. Wọ́n ti pinnu pé bí ọ̀rọ̀ aránṣọ bá já sí irọ́, yóò kúnlẹ̀ níwájú àwòrán Ọ̀gá, yóò tọrọ àforíjì lójú gbogbo ìlú. Bí ó bá kọ̀, kí ó kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kúrò nílùú. Ilé bàbá rẹ̀ ló ń gbé o. Wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn obìnrin méje tí òun pẹ̀lú wọn jọ sáré, kí wọ́n wá jẹ́rìí. Gbogbo wọn ti di ìyá ọmọ. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n dìde, wọ́n wolẹ̀, wọ́n ní àwọn kò rí nǹkan kan, pé Ọ̀gá kọ́ àwọn dáadáa. Wọ́n padà jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Aránṣọ dá dúró ní apá kejì. Wọ́n ti gbé àwòrán síwájú rẹ̀, ẹnì kan sì ti tẹ́ ẹní.

Olórí ilé-ìwé dìde pé kí òun fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ náà ló tún fẹ́ sọ. Wọ́n ti to àwọn ife sórí tábìlì, fèrè Ọ̀gá sì wà láàárín wọn. Ó mú fèrè náà, ó ní ẹ wò ó, èyí nìkan ni bàbá yìí fi tọ́ àwọn ọmọ wa, kò fi pàṣán na ẹnikẹ́ni. Ó fi í sẹ́nu, ó fọn ún lẹ́ẹ̀kan, ó kúrú.

Obìnrin méjèèje di ara wọn lọ́wọ́ mú.

Wọn kò rò ó. Wọn kò wo ara wọn. Ọwọ́ wọn kàn wá ọwọ́ lọ ni, láti ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì kan dé èkejì, wọ́n dì í mú pinpin, wọ́n sì dorí kodò. Àwọn kan kọ́kọ́ fẹ́ pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ìtẹríba náà nìyẹn. Àtẹ́wọ́ náà kò dún dé ibì kan. Ní apá kejì, aránṣọ náà ti na ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò dì í mú níbẹ̀. Èyí tó jókòó sí ìpẹ̀kun, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, dìde, ó gba iwájú tábìlì ife kọjá, ó ká ẹní yẹn nílẹ̀, ó sì lọ di ọwọ́ aránṣọ mú.

Ó ní, "Òótọ́ ló sọ. Èmi náà wà níbẹ̀."

Kò sí ẹni tó tún dárúkọ ife lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé pátákó lọ. Òpó méjì yẹn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà pápá di òní, ewúrẹ́ ló ń fi ara họ ọ́.

Mo rí i tí ò ń wo aago, Bàbá Fadérera. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Èmi ni olórí ilé-ìwé yẹn. Èmi ni mo fọn fèrè. Ọdọọdún ni mò ń dúró lórí pèpéle tí mò ń yin ìbẹ̀rù àwọn ọmọ yẹn, tí mò ń pè é ní ìtẹríba, ojú sì ń tì mí títí di bí mo ti ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fura sí ìyìn. Bí ẹ bá ti ń yin ènìyàn kí ẹnikẹ́ni má baà béèrè nǹkan, ara mi kì í balẹ̀.

O ní kí n fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n lè dá olùkọ́ eré yín tí wọ́n ní kó lọ rọ́kún nílé padà sẹ́nu iṣẹ́. O ní ọmọ kan ló parọ́ mọ́ ọn. O ka àwọn ife rẹ̀ fún mi. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kí o tó jókòó, o sọ nǹkan kan tí kò sí nínú ìwé. O ní láti ìgbà tí Fadérera ọmọ rẹ ti ń sáré lọ́dọ̀ ọkùnrin náà, ó ti gbẹ̀kọ́, kì í pariwo mọ́, kì í jiyàn mọ́, pé bí ọkùnrin náà bá wá kí yín nílé, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà jáde, ojú ń tì í. O rẹ́rìn-ín nígbà tí ò ń sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èmi náà ṣe máa ń rẹ́rìn-ín.

N kò sọ pé ọkùnrin náà ṣe é. N kò mọ̀. Ìwọ náà kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ o ti fọwọ́ sí i. Gbé ìwé rẹ, kí o máa lọ sílé. Má kó àwọn àgbà jọ lé Fadérera lórí. Jókòó tì í, bi í, kí o sì dákẹ́ títí yóò fi dáhùn. Ọgbọ̀n ènìyàn lo ti bi lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo rí orúkọ wọn nínú ìwé yìí. Orúkọ ọmọ náà ni gbogbo àdúgbò fi ń pè ọ́, o kò sì tíì bi í.