Oníbéèsì Tí Ìka Rẹ̀ Yá Ju Ẹnu Rẹ̀ Lọ

Ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin kan wà ní Ìkìrun tó jẹ́ pé táìlì ló ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ fún àwọn onílé, tó sì tún ń ta gìtá béèsì nínú ẹgbẹ́ olórin kékeré kan. Béèsì ni gìtá olókùn mẹ́rin tó nípọn yẹn, tí ohùn rẹ̀ máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá. Àwọn èèyàn kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n á jó sí i, wọ́n á lọ sílé, wọn ò ní mọ̀ pé òun ni àwọn jó sí.

Mẹ́rin péré ni ẹgbẹ́ náà. Òun, onígìtá tó jẹ́ kápẹ́ńtà, onílù tó jẹ́ tíṣà, àti obìnrin akọrin tó ń ta oògùn ní kẹ́mísìtì. Kò sí ẹni tó ń fi orin jẹun nínú wọn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, tí wọ́n bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, wọ́n á pàdé nínú kíláàsì tíṣà, wọ́n á ṣe ìdánrawò. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n á di ẹrù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó di ibi ìkómọ tàbí ìṣílé.

Ó máa ń rẹ ọkùnrin yìí. Ẹ mọ bí ẹni tó kúnlẹ̀ láti àárọ̀ ṣe máa ń rìn. Sìmẹ́ńtì á ti jẹ ìka rẹ̀, okùn béèsì á sì wá jẹ èyí tí sìmẹ́ńtì jẹ kù. Ó máa ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹgbẹ́ yìí ni ìsinmi òun. Ìyàwó á máa wò ó bó ṣe ń fi omi gbígbóná tẹ orúnkún, á ní, "Baálé mi, ìsinmi yín yìí mà fẹ́ pa yín o."

Ṣùgbọ́n kì í ṣe táìlì ló ń rẹ̀ ẹ́ jù. Onígìtá ni.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni onígìtá, láti kékeré. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ó gbójú, ó sì fẹ́ràn kí wọ́n máa wo òun. Àléébù kan ló ní: kò lè dúró. Gbogbo orin ló ní ibi tó ń gbé ẹsẹ̀ lé, àwọn olórin máa ń pè wọ́n ní dó, fá, só. Bí orin bá wà ní fá, èèyàn gbọ́dọ̀ ní sùúrù kí ọ̀rọ̀ ẹnu akọrin tán, kó tó kọjá sí só. Onígìtá kì í dúró. Á ti fò sí só, á wá máa retí àwọn tó kù níbẹ̀.

Bí béèsì bá dúró síbi tó yẹ nígbà yẹn, ohùn méjèèjì á forí gbárí, ọmọdé pàápàá á mọ̀ pé nǹkan bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí béèsì bá yára gbé ìka, tó bá a lọ sí só, á dà bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe é. Agbára tí béèsì ní nìyẹn. Ibi tó bá dúró sí ni orin wà. Ó lè sọ àṣìṣe ẹlòmíràn di òótọ́.

Ní ọdún kìíní, oníbéèsì la ẹnu rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánrawò ni.

"Ọ̀rẹ́, o ń tètè kúrò ní fá."

"Èmi?"

"Ìwọ ni. O kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin yìí parí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀."

Onígìtá wo béèsì tó wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ìwọ olókùn mẹ́rin, ìwọ lo fẹ́ kọ́ èmi olókùn mẹ́fà?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dénú. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni onígìtá kò fi yọjú. Akọrin lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Tíṣà lọ bẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Oníbéèsì fúnra rẹ̀ lọ tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ òótọ́. Nígbà tó ń bọ̀ lọ́nà, ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ó tán. Ó rọrùn kí òun gbé ìka ju kí òun la ẹnu lọ. Ìka kì í dá ìjà sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé ìka.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ kékeré ni o. Ẹni tó ń bo àṣìṣe kò lè ṣíjú. Kò wo àwọn tó ń jó mọ́, kò wo onílù, ọwọ́ òsì onígìtá nìkan ló ń wò. Bí ọwọ́ yẹn bá ti fẹ́ sún, òun náà á ti sún. Bí òógùn bá ń kán sí i lójú, kò ní lè nù ún. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, ojú á ti pọ́n, ọrùn á ti gan. Ó fẹ́ràn orin tẹ́lẹ̀ o. Ó wá di pé ó ń ṣọ́ ọ bí ẹni tó ń ṣọ́ wàrà lórí iná.

Èyí tó wá burú ni pé àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yin onígìtá. "Ibi tó ti máa ń já wọlé lójijì yẹn, ẹ ò rí i bó ṣe dùn!" Onígìtá gbọ́, ó gbà á. Ohun tó ń ṣe nínú orin méjì tẹ́lẹ̀, ó gbé e wọ inú gbogbo orin. Ó sọ ọ́ di àrà. Wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà.

Ó wá ṣe, níbi ìṣílé kan, àlejò kan wà níbẹ̀ tó ń darí ẹgbẹ́ olórin ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Ìbàdàn. Orin ni iṣẹ́ tiwọn. Onígìtá wọn ti lọ sí òkè òkun, wọ́n ń wá ẹlòmíràn. Ó pe kápẹ́ńtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kó wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí àwọn gbọ́ ọ dáadáa.

Onígìtá kò dúró kí wọ́n gbọ́ ọ. Ó dá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ padà fún onílé. Ó ta ẹ̀rọ tó fi ń fá pákó fún kápẹ́ńtà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó sọ fún àwọn tó ti gbé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn, òun ti ń di ará Ìbàdàn. Gbogbo èyí ni oníbéèsì ń wò. Òun nìkan ló mọ̀ pé ní Ìbàdàn, kò sí ìka tí yóò bá ọ̀rẹ́ òun sáré.

Nígbà tó ku ọ̀la, onígìtá wá dágbére fún un níbi iṣẹ́. Ó jókòó sórí páálí táìlì.

"Gbàdúrà fún mi o."

"Ọ̀rẹ́..."

"Kí ló dé? Ojú rẹ le."

"Ibi tí o ti máa ń kúrò ní fá yẹn..."

"Ibẹ̀ gan-an!" Onígìtá gbá a léjìká. "Ibẹ̀ ni mo fẹ́ fi pa wọ́n."

Ó rẹ oníbéèsì. Láti àárọ̀ ló ti wà lórí eékún. Ó wo ayọ̀ tó wà lójú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó wo bí àlàyé náà yóò ṣe gùn tó, àti ariwo tí yóò tẹ̀ lé e. Ó ní, "Ọlọ́run á wà pẹ̀lú rẹ." Ó sì mú táìlì mìíràn.

Ní Ìbàdàn, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, bàbá àgbàlagbà kan ló wà nídìí béèsì. Bàbá náà kò wo ẹnikẹ́ni. Ó pa ojú dé, ó ń ta ohun tí orin wí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dé fá, onígìtá fò sí só. Béèsì dúró. Ohùn méjèèjì forí gbárí débi pé obìnrin tó ń nu tábìlì gbójú sókè. Onígìtá rò pé bàbá ló ṣì í ta. Wọ́n tún un ta, ó tún fò, béèsì tún dúró. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, olórí wọn gbọ́wọ́ sókè.

"Bọ̀ọ̀dá, ibi tí ẹ ń sáré lọ yẹn, kí lẹ gbàgbé síbẹ̀?"

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Onígìtá ní, "Àrà mi ni, ọ̀gá. Ṣebí ẹ gbọ́ ọ ní Ìkìrun, ó sì dùn mọ́ yín."

Olórí ní, "Mo gbọ́ ọ lóòótọ́. Mo rò pé ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ fẹnu kò sí i ni. N kò mọ̀ pé ẹnì kan ló ń sáré tẹ̀ lé yín. Oníbéèsì yín, ẹ lọ bi í."

Wọn kò gbà á.

Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ ní gáréèjì Ìkìrun, kò yà sílé. Ó bá oníbéèsì lórí eékún nínú bálùwẹ̀ onílé kan.

"O gbọ́ ọ, àbí o ò gbọ́ ọ?"

Oníbéèsì kò béèrè ohun tó ń sọ. "Mo gbọ́ ọ."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọdún kìíní."

"Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta?"

"Gbogbo rẹ̀."

Onígìtá fẹ̀yìn ti ògiri.

"Rọra, kò tíì gbẹ," oníbéèsì ní. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mo ń bo àṣírí rẹ ni. Mo fẹ́ kí àlàáfíà wà. O rántí bí o ṣe ṣe lọ́jọ́sí."

"Ta lo bò ó fún? Àwọn ará Ìbàdàn rí i kó tó di ìṣẹ́jú márùn-ún. Obìnrin tó ń nu tábìlì rí i. Èmi nìkan ni o bò ó mọ́ lójú."

"Bí mo bá sọ ọ́, ṣé o máa gbà?"

"Bóyá n kò ní gbà. Ǹ bá bínú fún ọ̀sẹ̀ méjì míì. Ǹ bá bínú fún oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù mi ìbá ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí inú mi bá rọ̀."

Oníbéèsì mú táìlì kan, ó tún gbé e sílẹ̀. "Ó rẹ̀ mí ni," ó ní. "Ó máa ń rẹ̀ mí."

"Mo mọ̀. Ó ti wá rẹ èmi náà báyìí."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Lónìí, abẹ́ ọ̀gá mìíràn ló ti ń la pákó, ní ìlú tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n sí ọ̀gá. Kò ta gìtá mọ́, ẹgbẹ́ sì tú ká. Ìka oníbéèsì ti sinmi, òótọ́ ni. Bóyá òun fúnra rẹ̀ sinmi, ìyàwó rẹ̀ ni kí ẹ bi.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí àbúrò yín. Mo mọ̀ pé ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ, torí ẹ ti dáwọ́ dúró lórí apá aṣọ tí ẹ ń tú.

Ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ ni ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ yìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi apá sí aṣọ. Apá tó bá rán máa ń fa èèyàn lábíyá. Ọdún kẹrin rèé tí ẹ ti ń dúró kó jáde lọ mú ọmọ níléèwé tàbí kó lọ ra òwú, kí ẹ tó tú u, kí ẹ tún un rán. Oníbàárà á wọ̀ ọ́, á bá a mu, òun ni wọ́n á yìn. Ní oṣù tó ń bọ̀, ó ń kó lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Ìlọrin. Ó ti gba ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó. Ta ni yóò máa bá a tú apá aṣọ níbẹ̀?

Ẹ ti sọ fún mi pé ó rẹ̀ yín. Mo gbà. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì, ó di dandan kó rẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ẹ má pe gbogbo rẹ̀ ní ìfẹ́. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni ìfẹ́. Èyí tó kù, ẹ̀rù ojú tó máa le fún ọjọ́ díẹ̀ ni ó ń bà yín. N kò ní kí ẹ bú u, n kò sì ní kí ẹ sọ ọ́ níwájú oníbàárà. Ẹ fi hàn án bí ẹ ṣe fi han èmi, lọ́jọ́ tí ẹ ní kí n wọ búláòsì tí mo rán fúnra mi, kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè, kí n sọ ibi tó ti ń dùn mí. Mo sunkún. Mo sì bínú sí yín títí ọ̀sẹ̀ yẹn fi parí.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ló kù kó lọ. Ó tó kó bínú, ó tó kó padà wá, ó sì tó kó kọ́ ọ.

Ohùn rẹ̀ nìyẹn níta, ó ti ra òwú dé. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ yẹn sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kó bá aṣọ náà bó ṣe rán an.