Ẹmu Tó Ṣíwájú

Àwọn àgbà a máa sọ pé, "Bí o bá fẹ́ kí ilẹ̀ tẹ́jú, má gbé ẹmu ṣíwájú." Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ yóò béèrè ohun tó kan ẹmu nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀, torí ọkọ́ la fi ń ro oko, a kì í fi agbè ro ó. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe jẹ́, kí ẹ yéé mi orí bí ẹni tí ó ti yé.

Láníhún fẹ́ fẹ́ Iyùnadé, ọmọ Baba Ògúnṣèyẹ, ní abà Ìdí-Òro. Baba ní òun gbà, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ bá òun mú ilẹ̀ kan tẹ́jú, ibi tí òun fẹ́ gbin ìrẹsì sí. Ilẹ̀ ọ̀hún burú. Ọ̀gán níhìn-ín, ihò òkété lọ́hùn-ún, gbágungbàgun bí ẹnu arúgbó tí eyín rẹ̀ ku méjì. Baba ní bí òjò àkọ́rọ̀ bá fi bá a bẹ́ẹ̀, òun á fi ọmọ òun fún ẹlòmíràn. Iyùnadé ní tirẹ̀ kò ní ẹlòmíràn lọ́kàn.

Láníhún wó ọ̀gán, ó fi iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dí ihò, ó fi igi lù ú títí ó fi le. Àna rere ni, kò lè pe Baba wá wo iṣẹ́ lọ́wọ́ òfo, ló bá gbé agbè ẹmu kan lọ. Baba mu ún tán kó tó dìde. Ó tẹ ilẹ̀ náà wò, ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ, tòsì kọ̀.

"Ó ṣì ga níhìn-ín," ni Baba wí.

Láníhún tún un ṣe, ó rò pé agbè kan ló kéré, ó gbé méjì wá. Lọ́jọ́ náà Baba rí òkè méjì àti àfonífojì kan. Nígbà tí agbè di mẹ́ta, Baba dojú bolẹ̀, ó ní ihò òkété ló gbé òun mì. Ẹ má bá Láníhún wí. Ìfẹ́ ló dí i lójú, ọ̀pọ̀ nínú yín ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, ojú ọ̀run ṣú. Láníhún tún gbé ẹmu rù, ẹkún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀, ni Iyùnadé bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, ó bá a sọ ẹrù náà kalẹ̀.

"Ẹmu yìí ló ń bá Baba wo ilẹ̀," ó ní. "Lónìí, jẹ́ kí ojú Baba dá wò ó."

Baba dé, ó wá ẹmu títí, kò rí i. Ó fi òǹgbẹ rin ilẹ̀ náà já, ó rìn ín padà, kò kọsẹ̀ níbì kankan. Inú bí i gan-an.

"Ó tẹ́jú," ó ní. "Ẹmu mi dà?"

Wọ́n gbé e fún un. Ó mu ún tán, ó dìde, ó sì fi ìdí jókòó lójú ilẹ̀ gbalaja.

"Ẹ ò rí i? Mo ní ilẹ̀ yìí ga."

Láníhún ti ń na ọwọ́ sí ọkọ́. Iyùnadé fi ẹsẹ̀ tẹ ọkọ́ náà mọ́lẹ̀.

"Baba, ẹ ti gbà á," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká gbé yín lọ sílé, òjò ń bọ̀."

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ ọ́ fún ẹni tó fi ẹ̀bùn di adájọ́ lójú, tó wá ń ráhùn pé adájọ́ ò ríran: bí o bá fẹ́ kí ilẹ̀ tẹ́jú, má gbé ẹmu ṣíwájú.