Ohun tí Ojú Ìlú Kò Rí ní Ìdó-Aró

Nígbà tí ilé-ìwé ṣì jẹ́ ohun tuntun ní apá oko, tísà obìnrin kan wà ní ìlú Ìdó-Aró, Ìbídùn ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ìlú náà; ọkọ ló gbé e débẹ̀. Nígbà tí ọkọ kú, tí àwọn ẹbí rẹ̀ ránṣẹ́ pé kó máa bọ̀ nílé, ó dá wọn lóhùn pé òun kò lè fi àwọn ọmọ òun sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò bí ọmọ kankan. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló ń wí. Ìbídùn kì í ṣe ẹlẹ́rìn-ín ènìyàn. Ohùn rẹ̀ le, kì í sì í gba ìgbàkugbà, àmọ́ ọmọ tó bá kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ á lè jókòó ti ìyá rẹ̀, kó sì ka Bíbélì sí i létí láìkọsẹ̀.

Ilé tí wọ́n fi ṣe kíláàsì ni kò dára. Ògiri alámọ̀ ni, ìkánjú ni wọ́n sì fi mọ ọ́n kí àwọn àlejò ìjọ tó wá ṣí i. Kò pẹ́ tí ògiri ẹ̀gbẹ́ kan fi lanu, tí aláǹgbá ń wọlé, tí wọ́n ń jáde níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sínú. Ìbídùn gba ilé Alàgbà Adétọ̀nà lọ, ẹni tó jẹ́ máníjà ilé-ìwé náà.

"Bàbá, ògiri yẹn ń bọ̀ wá wó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un mọ."

"A ó wá nǹkan ṣe sí i, ọmọ mi," ni Alàgbà wí.

Ó tún lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ló bá. Ó lọ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi di mímọ̀ fún ajá ilé náà. Nígbà tí ó rí i pé àwọn tí ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ti fi ẹ̀pà dí etí, ó gbé pátákó ìkọ̀wé jáde, ó kó àwọn ọmọ lọ sí ìdí igi ìyeyè tó wà lẹ́yìn ilé, ó sì ń kọ́ wọn níbẹ̀. Tí òjò bá ṣú, á ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ó mọ̀ pé ẹ̀kọ́ wọn ń dín kù, ó sì ń dùn ún. Ṣùgbọ́n bí orí bá pé, a ó rí ibi tí a ó kó ìwé sí.

Lọ́dún náà, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ agbègbè náà fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ariwo ta. Ìwé ìròyìn kan wà nílùú ńlá tó ń jẹ́ Ojú Ìlú. Wọ́n rán akọ̀ròyìn kan, Láṣebìkan, pé kó lọ wádìí ohun tó fà á. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ó dé Ìdó-Aró, àwọn ọmọ sáré wá sọ fún Ìbídùn pé oníwèé-ìròyìn ti dé, pé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà Alàgbà. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí wọ́n gbá ìdí igi, ó nu pátákó, ó ń to ọ̀rọ̀ ògiri náà lọ́kàn bí yóò ti sọ ọ́. Ilé Alàgbà sí ilé-ìwé kò ju kí ènìyàn pe ẹnì kejì kó jẹ́ lọ. Ìbídùn dúró, oòrùn yẹ̀ lórí, kò rí ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan tó ń ti oko bọ̀ ló sọ fún un pé akọ̀ròyìn ti jẹun yó, ó ti gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ti lọ.

Nígbà tí Ojú Ìlú jáde, ohun tó wà lókè rẹ̀ gàdàgbà ni: ÀWỌN TÍSÀ TÓ Ń SÙN LÁBẸ́ IGI. Wọ́n kà á síta lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Ìwé náà sọ pé ọ̀lẹ tísà ló ń ba ọmọ jẹ́. Ó ní èyí tó burú jù wà ní Ìdó-Aró, níbi tí obìnrin kan ti pa ilé tí ìlú fi òógùn kọ́ tì, tí ó ń gbatẹ́gùn nídìí igi látàárọ̀ dalẹ́. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gbagada. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nípa ògiri.

Ìbídùn dúró láàárín èrò. Ìyá Tinúadé, tí ọmọ rẹ̀ mọ ìṣirò ju gbogbo kíláàsì lọ, ló kọ́kọ́ kọjú sí i.

"Tísà, ṣé oorun ni mo ní kí ẹ máa kọ́ ọmọ mi?"

"Ìyá Tinúadé, ẹ lọ wo ògiri yẹn."

"Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ ṣì ń jiyàn! Ṣé ìwé á purọ́ ni?"

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, Alàgbà ti lé Ìbídùn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó wá tísà mìíràn, ọ̀dọ́kùnrin onítìjú kan, ó sì kìlọ̀ fún un pé ojú òun kò gbọdọ̀ tún rí ọmọ kankan nídìí igi. Ẹ̀rù ìwé ìròyìn ba ọmọ ọlọ́mọ. Ó kó gbogbo àwọn ọmọ kíláàsì padà sínú ilé.

Ìbídùn wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ìlú ńlá. Ó bá Láṣebìkan nídìí tábìlì rẹ̀.

"Èmi ni obìnrin tó ń sùn lábẹ́ igi," ni ó wí. "Ṣé ẹ dé kíláàsì mi?"

Ojú ti Láṣebìkan díẹ̀. "Rárá o, ìyá. Ṣùgbọ́n ẹni iyì ló sọ ọ́ fún mi."

"Ṣé ẹ bi mí?"

"Ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ń fẹjọ́ yín sùn. Ṣé ẹ máa jẹ́wọ́ fún mi ni?"

Ìbídùn gbé ìbínú rẹ̀ mì. Kò wá nítorí ara rẹ̀. "Ògiri kíláàsì yẹn ń bọ̀ wá wó lu àwọn ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìyẹn."

Láṣebìkan ti tún mú gègé rẹ̀. "Ìyá, ògiri tó dúró kì í ṣe ìròyìn. Bó bá wó, a ó kọ ọ́."

Kò fi ṣépè. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn ni, bí wọ́n ti ń sọ ọ́ láàárín ara wọn nìyẹn. Ìbídùn yíjú, ó sì padà sí Ìdó-Aró.

Ó wó. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún kejì ni, ní ọ̀sán gangan. Ìbídùn ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ nílé rẹ̀ nígbà tí ó gbọ́ ìró náà; kí igbe tó bẹ̀rẹ̀, ó ti mọ ohun tó jẹ́. Ó sáré débẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ó jù ú nù, ó fi ọwọ́ lásán wa amọ̀, ó ń pe àwọn ọmọ lórúkọ níkọ̀ọ̀kan bó ti máa ń pè wọ́n láàárọ̀, ó sì ń fetí sílẹ̀ kí wọ́n jẹ́. Gbogbo wọn ló jẹ́. Àmọ́ ẹsẹ̀ Tinúadé wà lábẹ́ igi àjà, nígbà tí wọ́n sì gbé e dé ọsibítù, àwọn dókítà gé e.

Kò pẹ́ ni kẹ̀kẹ́ Láṣebìkan tún wà lẹ́nu ọ̀nà Alàgbà. Wọ́n sọ ọ́ fún Ìbídùn. Kò wá aṣọ, kò wá bàtà. Nígbà tí ó wọlé, Alàgbà ń wí pé, "Ìjì ni. Àmúwá Ọlọ́run ni," Láṣebìkan sì ń kọ ọ́.

Ìbídùn gbá ìwé náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Dìde!"

"Ìbídùn!" ni Alàgbà pariwo. "Ṣé orí rẹ dàrú ni? Àlejò mi nìyẹn!"

"Àlejò yín ló fi gègé gé ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Mo ní kó dìde!"

Ó di apá aṣọ rẹ̀ mú, ó wọ́ ọ la àárín ìlú kọjá, èrò sì ń tẹ̀lé wọn. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ó tì í síwájú kùkùté ògiri tó ṣẹ́ kù.

"Wò ó!"

Láṣebìkan wò ó. Ibi tí ògiri ti lanu tẹ́lẹ̀ ṣì hàn kedere. Òjò àti eruku ọjọ́ pípẹ́ ti sọ ọ́ di dúdú, koríko sì ti hù nínú rẹ̀, ó ti ta gbòǹgbò. Kò sí ìjì tó lè gbin koríko lóru ọjọ́ kan. Igi ìyeyè náà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀ ìdí rẹ̀ pá fún ìjókòó àwọn ọmọ.

"Wọ́n sọ fún mi pé..." ni Láṣebìkan bẹ̀rẹ̀.

"Ta ni wọ́n?" ni Ìbídùn dá a lóhùn. "Mo gbálẹ̀ dè ọ́! Mo nu pátákó dè ọ́! Ojú Ìlú lẹ pe ìwé yín. Ojú wo lẹ fi wò wá?"

Ìyá Tinúadé wà láàárín èrò. Kò lè gbé ojú sókè wo tísà.

Baálẹ̀ dé, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí koríko inú ògiri. "Akọ̀ròyìn, ohun tí wọ́n rò fún ọ lórí oúnjẹ, àti ohun tí o fojú ara rẹ bá níbí, ṣé ọgbọọgba ni wọ́n?"

"Rárá, bàbá."

"Sọ ọ́ sókè kí ìlú gbọ́."

"Wọn kò dọ́gba, bàbá."

Láṣebìkan lọ kọ òtítọ́. Wọ́n gba iṣẹ́ máníjà lọ́wọ́ Alàgbà, wọ́n mọ ilé-ìwé tuntun, wọ́n sì bẹ Ìbídùn títí ó fi padà. Ó padà nítorí àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n kò dárí ji ẹnikẹ́ni, kò sì díbọ́n bí ẹni tó dárí jì wọ́n. Àwọn kan wá ka ìwé ìròyìn tuntun náà sí i létí pé wọ́n ti yìn ín. Ó bi wọ́n bóyá ìwé náà ti hu ẹsẹ̀ fún Tinúadé.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni ní Ìdó-Aró bá fẹ́ dá ẹjọ́ ohun tí ojú rẹ̀ kò tó, àgbà tó bá wà nítòsí á dá a dúró, á sì rán an létí pé: ìròyìn kò tó àfojúbà.